Iṣẹ́ ọgbà nígbà ìwọ́wé: ohun tó yẹ ká ṣe kí ilẹ̀ tó dì

Bí ewé bá ti ń yí àwọ̀ padà tó sì ń já bọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń gbé ọkọ́ kọ́, tí wọ́n á ní ó di ìgbà ìrúwé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọgbà tó máa dára lọ́dún tó ń bọ̀, ìgbà ìwọ́wé la ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ kì í tutù pa pọ̀. Afẹ́fẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ tutù. Ilẹ̀ á ṣì di ooru tó gbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lásìkò yẹn, apá òkè ohun ọ̀gbìn á ti sinmi, kò ní hu ewé tuntun mọ́, àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ á ṣì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ títí ilẹ̀ á fi tutù dé nǹkan bí 5°C. Oòrùn ò le mọ́, omi kì í sì í tètè gbẹ. Igi tí ẹ bá gbìn nígbà náà kò ní ewé tó máa fún lóúnjẹ, gbòǹgbò nìkan ló máa gbájú mọ́.

Lápá àríwá ayé, Oṣù Kẹsàn-án sí Oṣù Kọkànlá nìgbà ìwọ́wé. Lápá gúúsù, Oṣù Kẹta sí Oṣù Karùn-ún ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi kàlẹ́ńdà nìkan ṣiṣẹ́. Ìrì dídì, ìyẹn ìrì tó ń dì funfun sórí ewé àti ilẹ̀ lóru tó tutù, ni kí ẹ máa wò. Iṣẹ́ kan wà tó gbọ́dọ̀ parí kó tó dé, òmíràn wà tó jẹ́ pé àfi tó bá dé tán, ọ̀pọ̀ sì wà tó bọ́ sí àárín ìgbà tó bá kọ́kọ́ dé àti ìgbà tí ilẹ̀ bá dì gbagidi. Bí mo ṣe to ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

1. Ẹ mọ ìgbà tí ìrì dídì máa ń dé

Àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí ní àgbègbè yín mọ ọjọ́ tí ìrì dídì àkọ́kọ́ sábà máa ń bọ́ sí. Ẹ wá ọjọ́ náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì máa ka ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn látibẹ̀. Inú àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fa ọjọ́ yẹn yọ o. Lọ́dún míì ó lè yá, lọ́dún míì ó lè pẹ́. Torí náà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Alẹ́ tí ìrì dídì máa wá kì í fara pa mọ́. Ojú ọ̀run á mọ́ kedere, ìràwọ̀ á yọ, atẹ́gùn ò ní fẹ́ rárá. Ìkùukùu ló máa ń dá ooru ilẹ̀ dúró lóru. Bí kò bá sí, ooru náà á bá òfuurufú lọ. Afẹ́fẹ́ tútù sì wúwo ju èyí tó móoru lọ, ó máa ń ṣàn lọ síbi tó rẹlẹ̀, á wá gbára jọ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí tòmátì tó wà nísàlẹ̀ ọgbà fi lè kú mọ́jú, tí èyí tó wà lẹ́bàá ògiri kò sì ní ní ìṣòro kankan. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìrì dídì bá kọ́kọ́ já, ẹ jáde kí oòrùn tó yọ, ẹ rìn yí ọgbà ká, kí ẹ wo ibi tó funfun jù. Ẹ fi igi sàmì síbẹ̀. Ohun tó bá lè fara da òtútù nìkan ni kí ẹ máa gbìn síbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ata tàbí tòmátì ṣì lo ọ̀sẹ̀ kan sí méjì sí i níta, ẹ fi aṣọ fífúyẹ́ bò ó kí oòrùn tó wọ̀, nígbà tí ooru ṣì wà lára ilẹ̀. Kí etí aṣọ náà kan ilẹ̀ yí ká, torí ooru tó ń ti inú ilẹ̀ jáde lẹ fẹ́ há mọ́ abẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rá lẹ fi bò ó, ẹ má jẹ́ kó fara kan ewé, torí ibi tó bá kàn ni òtútù ti máa bà á jẹ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, tí oòrùn sì ti ta, ẹ ká aṣọ náà kúrò.

2. Ẹ kó ohun tí òtútù máa bà jẹ́ wọlé

Tòmátì ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, torí òun lọ́kàn àwọn èèyàn kì í gbé láti ká. Wọ́n á máa dúró dè é kó pọ́n lórí igi. Bí òru bá ti ń tutù ju 10°C lọ lemọ́lemọ́, pípọ́n rẹ̀ níta máa ń falẹ̀ gan-an, adùn rẹ̀ á sì máa dín kù. Ẹ ká gbogbo èyí tó ti tóbi tó. Ẹ gbé e sọ́wọ́ kí ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa: bí àwọ̀ ewé ara rẹ̀ bá ti ń ṣí, tó ń funfun tàbí tó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, yóò pọ́n nínú ilé. Èyí tó ṣì dúdú bí ewé, tó le bí òkúta, kì í sábà pọ́n dáadáa; ẹ sè é bẹ́ẹ̀ tàbí kí ẹ fi ṣe nǹkan míì.

Ẹ tò wọ́n sínú páálí, kí ìkan má gun orí ìkan. Ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí ápù kan tó ti pọ́n sáàárín wọn. Èso tó ti pọ́n máa ń tú afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ethylene jáde, afẹ́fẹ́ yìí ló máa mú kí àwọn yòókù pọ́n. Wọn ò nílò oòrùn rárá. Ooru inú ilé, bíi 18 sí 21°C, ni wọ́n nílò. Ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò lójoojúmọ́, torí bí ẹyọ kan bá rà, á kó bá ìyókù. Ẹ má gbé wọn sínú fìríìjì, wọn ò ní pọ́n níbẹ̀.

Elégédé tí wọ́n ń tọ́jú pa mọ́: ẹ fi èékánná tẹ èèpo rẹ̀. Bí èékánná ò bá wọlé, ó ti gbó. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e, kí ẹ sì fi ọrùn tó gùn tó 5 sí 10 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ má fi ọrùn yẹn gbé e, torí bó bá ya, ibẹ̀ ni ìdíbàjẹ́ máa gbà wọlé. Ẹ jẹ́ kó wà níbi tó móoru, tó sì gbẹ, fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá kí èèpo rẹ̀ lè le, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e síbi tó tutù díẹ̀, bíi 10 sí 15°C. Ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan.

Pòtétò ní tiẹ̀, ẹ gé ewé rẹ̀ kúrò kí ẹ sì fi í sílẹ̀ nínú ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí èèpo rẹ̀ lè le. Ọjọ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ ni kí ẹ wà á. Ẹ má fọ̀ ọ́. Inú òkùnkùn ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń sọ ara rẹ̀ di àwọ̀ ewé, májèlé solanine sì máa ń pọ̀ nínú èyí tó bá ti rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dùnkún kò lè dúró rárá: ẹ wà á kí ìrì dídì tó pa ewé rẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tó móoru dáadáa tó sì lọ́rinrin, bíi 27 sí 30°C, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ọgbẹ́ ara rẹ̀ á san, adùn rẹ̀ á sì pọ̀ sí i.

Àwọn kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ kánjú fọwọ́ kàn. Kale àti Brussels sprouts, tí wọ́n jẹ́ ìbátan kábéèjì, parsnip, tó jọ kárọ́ọ̀tì funfun, àti kárọ́ọ̀tì máa ń dùn sí i lẹ́yìn ìrì dídì, torí wọ́n ń kó ṣúgà jọ sínú ara wọn kí òtútù má bàa mú wọn dì. Ẹ jẹ́ kí ìrì já lù wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó ká wọn, ẹ ó rí ìyàtọ̀.

3. Ẹ kó èyí tó lárùn, ẹ fi èyí tó dá ṣáṣá sílẹ̀

Èrò mi lórí èyí le díẹ̀: ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbá ọgbà mọ́ jù nígbà ìwọ́wé, síbẹ̀ wọn kì í kó ohun tó yẹ kí wọ́n kó. Èyí tó lárùn ni kí ẹ lé jáde. Ewé róòsì tó ní ojú dúdú dúdú, ewé àti èso ápù tó ní èépá, gbogbo tòmátì àti pòtétò tí ewé rẹ̀ ti ní àbàwọ́n dúdú, tí èéhù funfun sì wà lábẹ́ ewé náà.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi fún èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Orúkọ ohun àìfojúrí tó ń fà á ni Phytophthora infestans, òun ló run pòtétò ilẹ̀ Ireland láti 1845, tó sì fa ìyàn ńlá tó pa nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn níbẹ̀. Kì í sábà gbé inú ewé tó ti kú gbẹ. Inú ohun tó ṣì wà láàyè ló máa ń fara pa mọ́ sí nígbà òtútù, pàápàá àwọn pòtétò kéékèèké tí a gbàgbé sínú ilẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wa pòtétò tán, ẹ tún ilẹ̀ náà tú, kí ẹ ṣa gbogbo ọmọ tó kù, bó ti wù kó kéré tó. Ẹ má jù wọ́n sórí ààtàn.

Ẹ̀wà àti peas ò yẹ ní fífà tu. Ẹ gé e mọ́lẹ̀, kí gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà síbi tó wà. Ihò tó bá fi sílẹ̀ á di ọ̀nà fún omi àti ekòló.

Òdòdó tó ti gbẹ àmọ́ tí kò lárùn, ẹ fi í sílẹ̀ lóròó. Àwọn ẹyẹ á jẹ èso rẹ̀ nígbà tí oúnjẹ ò bá sí. Inú ihò igi rẹ̀ ni àwọn oyin kéékèèké tí kì í gbé inú afárá máa ń sùn sí, abẹ́ ewé tó wó sí ìdí rẹ̀ sì ni kòkòrò pupa alámì dúdú tó ń jẹ àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń fa oje ewé máa ń gbé títí ooru á fi padà dé. Tí ẹ bá gé gbogbo rẹ̀, ẹ ti lé àwọn olùrànlọ́wọ́ yín lọ.

4. Ẹ gbin aáyù

Bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ máa gbìn nígbà ìwọ́wé, ẹ jẹ́ kó jẹ́ aáyù. Aáyù gbọ́dọ̀ rí òtútù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó lè pín sí ọmọ ọmọ. Èyí tí kò bá rí òtútù tó lè di kókó kan ṣoṣo roboto tí kò pín. Èyí tí ẹ bá gbìn nígbà ìwọ́wé á ta gbòǹgbò sínú ilẹ̀ tó ṣì móoru, á rí òtútù rẹ̀ gbà, á sì ti múra sílẹ̀ kí ìgbà ìrúwé tó dé.

Ìgbà tó dára jù ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà kí ilẹ̀ tó dì. Ẹ ra èyí tí wọ́n tà fún gbígbìn. Aáyù ọjà tí a fi ń sebẹ̀ lè jẹ́ irú tí kò bá òtútù àgbègbè yín mu, wọ́n sì lè ti fi oògùn sí i kó má bàa hù. Oríṣi méjì ló wà: ọlọ́rùn líle fara da òtútù tó mú gan-an jù, ó sì máa ń yọ ọ̀pá òdòdó kan tó ṣeé jẹ, ọlọ́rùn rírọ̀ ló máa ń pẹ́ jù nílẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ibi tí òtútù bá ti le, ẹ mú ọlọ́rùn líle.

Ọjọ́ tí ẹ máa gbìn ín gan-an ni kí ẹ tó fọ́ odidi rẹ̀ sí ọmọ ọmọ. Ẹ má bó èèpo ara rẹ̀. Àwọn ọmọ tó tóbi jù ni kí ẹ gbìn, kí ẹ fi kéékèèké se ọbẹ̀. Kò yẹ kí ọwọ́ yín há níbí, torí bí ọmọ tí ẹ gbìn bá ṣe tóbi tó ló ń pinnu bí odidi tí ẹ máa wà ṣe máa tóbi tó. Ibi tí omi kì í dúró sí ni kí ẹ gbìn ín sí, kí ẹ ti da ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa pọ̀ mọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Orí rẹ̀ tó ṣóńṣó ló ń wo òkè, ìdí rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló ń jókòó. Kí erùpẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ tó 5 sẹ̀ǹtímítà, kí 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, kí 30 sẹ̀ǹtímítà wà láàárín ìlà sí ìlà.

Bí ilẹ̀ bá ti ń tutù dáadáa, ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí ewé tí a gé wẹ́wẹ́ bò ó, kó nípọn tó 10 sẹ̀ǹtímítà. Láìsí ìbòrí yìí, ilẹ̀ tó ń dì tó sì ń yọ́ léraléra á máa ti ọmọ aáyù sókè títí á fi yọ síta. Bó bá hu ewé kékeré kí òtútù tó dé, ẹ má mikàn, òtútù kì í pa á. Lọ́dún tó ń bọ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ewé ìsàlẹ̀ bíi ìdá mẹ́ta rẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ wà á.

5. Òdòdó ìgbà ìrúwé

Tulip, daffodil àti crocus ń hù láti inú kókó tó rí bí alùbọ́sà, ìgbà ìwọ́wé sì ni wọ́n ń gbìn wọ́n. Jíjìn ihò rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì sí mẹ́ta gíga kókó náà. Kókó tulip kan tó ga tó 5 sẹ̀ǹtímítà máa wọlẹ̀ tó 15 sẹ̀ǹtímítà. Orí rẹ̀ tó ṣóńṣó ló ń wo òkè. Bí ẹ ò bá dá orí mọ̀ yàtọ̀ sí ìdí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, á wá ọ̀nà ara rẹ̀. Èyí tó bá rọ̀ tàbí tó ti bu, ẹ má gbìn ín.

Daffodil fẹ́ kí wọ́n tètè gbin òun, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìwọ́wé. Tulip yàtọ̀: ẹ jẹ́ kó di òpin ìgbà ìwọ́wé, nígbà tí ilẹ̀ ti tutù, torí òtútù máa ń dín agbára àrùn tó ń jó ewé rẹ̀ kù.

Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́ràn tulip àti crocus gan-an, ó sì máa ń wú wọn ní ọjọ́ kejì tí wọ́n gbìn wọ́n. Ẹ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì onírin lé ilẹ̀ náà, kí ẹ kó erùpẹ̀ díẹ̀ lé e; òdòdó á gba ojú rẹ̀ yọ. Kì í jẹ daffodil, torí májèlé wà nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tàbí ajá jẹ ẹ́ o.

6. Ẹ gbin igi

Kò sí ìgbà tó dára tó ìgbà ìwọ́wé láti gbin igi tó ń wọ́wé. Èyí tí wọ́n tà pẹ̀lú erùpẹ̀ lára gbòǹgbò, ẹ lè gbìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìwọ́wé. Èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ wà níhòòhò, ẹ dúró di ìgbà tí ewé bá ti wọ́ tán. Owó rẹ̀ ló sábà máa ń kéré jù lọ́jà, kì í sì í pẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ ọn lára.

Ẹ gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ibi tí gbòǹgbò fẹ̀ dé, ṣùgbọ́n kó má jìn ju gíga gbòǹgbò náà lọ. Jíjìn jù ló ń pa igi tuntun, ó sì máa ń pẹ́ kí ẹni tó gbìn ín tó mọ̀. Ẹ wo ìdí igi náà, níbi tó ti fẹ̀ kó tó pín sí gbòǹgbò. Ibẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn lókè ilẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbìn ín tán. Bí igi bá ti pẹ́ nínú ike, gbòǹgbò rẹ̀ á ti máa yí po ara rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tú u, kí ẹ gé èyí tí kò ṣeé tú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa yí bẹ́ẹ̀ lọ títí á fi fún igi náà lọ́rùn.

Erùpẹ̀ tí ẹ gbẹ́ jáde ni kí ẹ fi dí i padà. Ẹ má kó ajílẹ̀ kún inú kòtò, torí gbòǹgbò kò ní fẹ́ jáde kúrò nínú ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ bu omi sí i, bíi lítà 10 sí 20, kódà bí òjò bá ń rọ̀, torí omi ló ń mú kí erùpẹ̀ lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èérún igi tàbí ewé bo ilẹ̀ yí i ká, kó nípọn tó 5 sí 8 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ má sì jẹ́ kó fara kan ara igi. Ìbòrí tó bá gun ara igi á mú kí èèpo rẹ̀ jẹrà, eku á sì rí ibi sá sí.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀ka kiri o. Plum àti cherry kò gbọdọ̀ rí ọ̀bẹ nígbà ìwọ́wé àti nígbà òtútù, torí àsìkò yẹn ni àrùn tó ń sọ ewé wọn di fàdákà máa ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la ń gé wọn. Ápù, ẹ jẹ́ kí òtútù wọ̀ ọ́ lára dáadáa ná. Àwọn igi kéékèèké tó máa ń tanná nígbà ìrúwé, bíi lilac àti forsythia, ti di òdòdó ọdún tó ń bọ̀ sára. Bí ẹ bá gé wọn nísinsìnyí, òdòdó yẹn lẹ gé dànù.

7. Ewé tó já bọ́

Bí ọ̀sán bá ti ń kúrú, igi á máa fa ohun tó ní láárí padà kúrò nínú ewé sínú ara rẹ̀, á wá dí ojú ibi tí ewé so mọ́. Ohun tó ń já bọ́ kò ní ajílẹ̀ púpọ̀ mọ́ nínú, àmọ́ bó bá ti jẹrà, kò sí ohun tó ń di omi mú nínú ilẹ̀ tó o. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí i tí àwọn èèyàn ń dì í sínú àpò ìdọ̀tí, tí wọ́n tún wá ń ra èyí tó ti jẹrà padà nígbà ìrúwé.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀, kí ẹ na nẹ́ẹ̀tì onírin yí i ká, kó fẹ̀ tó mítà kan níbùú àti lóòró. Ẹ kó ewé sínú rẹ̀, ẹ bu omi sí i ní ipele ipele, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ gba orí rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgékoríko, á tètè jẹrà. Kò nílò kí ẹ máa yí i po. Olú tíntìntín tí kò nílò ooru ló ń jẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń falẹ̀. Tó bá pé ọdún kan, ẹ lè fi bo ilẹ̀. Tó bá pé ọdún méjì, á ti dúdú, á máa fọ́ sí wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, á sì máa rùn bí inú igbó lẹ́yìn òjò. Ẹ lè gbin irúgbìn sínú irú èyí. Ẹni tí kò láàyè, kó rọ ewé tútù sínú àpò ọ̀rá dúdú, kó fi fọ́ọ̀kì gún ihò yí i ká, kó so ẹnu rẹ̀, kó sì gbé e sẹ́yìnkùlé.

Ewé tó bo koríko mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò, torí koríko á kú lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tún fi nẹ́ẹ̀tì bo ojú adágún omi. Ṣùgbọ́n lábẹ́ igi àti láàárín òdòdó, ẹ jẹ́ kó wà.

Ní ti ààtàn ajílẹ̀, ìgbà ìwọ́wé nìgbà tí ohun tútù àti ohun gbígbẹ pọ̀ pa pọ̀. Ẹ fi ìwọ̀n méjì sí mẹ́ta ohun gbígbẹ, bíi ewé gbígbẹ àti páálí, sí ìwọ̀n kan ohun tútù, bíi èèpo ẹ̀fọ́ àti koríko tutù. Bó bá ń rùn, ó ti tutù jù, ẹ kó ohun gbígbẹ kún un. Ẹran, oúnjẹ sísè àti ìgbẹ́ ajá tàbí ológbò ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ yí i po lẹ́ẹ̀kan kí òtútù tó mú, kí ẹ bo orí rẹ̀ kí òjò má bàa ṣàn ohun tó dára inú rẹ̀ dànù.

8. Ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà níhòòhò

Ibi tí ẹ ti kórè kúrò, òjò á máa lù ú, ohun tó dára inú rẹ̀ á sì máa bá omi lọ. Ẹ gbin nǹkan bò ó. Clover, ewéko kékeré kan, gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìrì dídì. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú gbòǹgbò rẹ̀ máa ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. Rye, irú ọkà kan, ni ti ẹni tó pẹ́, torí ó lè hù kódà bí ilẹ̀ bá ti tutù gan-an. Nígbà ìrúwé, ẹ gé e kó tó so, kí ẹ sì dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó gbin irúgbìn kéékèèké síbẹ̀, torí rye tuntun tó ń jẹrà kì í jẹ́ kí wọ́n hù dáadáa. Bí ẹ ò bá lè gbin nǹkan, ẹ kó ewé tàbí ajílẹ̀ bo ilẹ̀ náà.

Ìgbà yìí ló tún dára láti yẹ ilẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ fẹ́ pH, ìyẹn ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó, tó wà láàárín 6.0 sí 7.0. Bí ilẹ̀ bá kan jù, ẹfun ilẹ̀ la fi ń tún un ṣe, ó sì máa ń gbà á ní oṣù mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ má da ẹfun àti ìgbẹ́ ẹran tútù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, náítírójìn á bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ má sì da ẹfun síbi tí pòtétò máa wà, èépá á mú un.

Ẹ bu erùpẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un pọ̀. Bí ẹ bá fi ìka tì í tí kò fọ́, ó tutù jù, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má ro ó.

9. Àwọn tó kù

Koríko àgbàlá: ẹ fi réèkì wa koríko òkú kúrò lára rẹ̀, ẹ fi fọ́ọ̀kì gún ihò tó jìn tó 10 sẹ̀ǹtímítà sí ibi tó ti le, kí ẹ gbin irúgbìn koríko síbi tó pá ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìwọ́wé. Ajílẹ̀ tí náítírójìn rẹ̀ pọ̀ kò dára fún un lásìkò yìí. Ẹ máa gé e, àmọ́ kó ga díẹ̀, títí á fi dẹ́kun híhù.

Òdòdó dahlia wà lára àwọn tó ń dúró de ìrì dídì. Ẹ jẹ́ kí ewé rẹ̀ dúdú ná. Lẹ́yìn náà, ẹ gé e kó ku bíi 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà, ẹ wú u jẹ́jẹ́, ẹ gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀, kí ẹ sì dorí rẹ̀ kodò fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí omi inú igi rẹ̀ lè sun jáde. Ẹ wá rì í sínú iyanrìn gbígbẹ nínú àpótí, níbi tí kò lè dì, bíi 5 sí 10°C. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Èyí tó bá ń rà, ẹ gé ibẹ̀ dànù.

Omi máa ń fẹ̀ bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tó bá dì, kò sì sí páìpù tàbí ìkòkò amọ̀ tó lè bá a fa á. Ẹ ti omi ẹ̀rọ ìta láti inú ilé, ẹ ṣí ẹnu rẹ̀ kí èyí tó kù jáde, ẹ ká rọ́bà omi lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbọ̀n ọ́n gbẹ. Ìkòkò amọ̀ tó ṣófo, ẹ gbé e wọlé. Èyí tó ní nǹkan nínú, ẹ gbé e lé bíríkì kí omi lè máa jò nídìí rẹ̀.

Ẹ fọ amọ̀ kúrò lára ṣọ́bìrì àti ọkọ́, ẹ pọ́n wọn, kí ẹ fi epo linseed nu igi wọn. Àkísà tí ẹ bá fi nu epo yìí lè gbiná fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ká a jọ. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta kó gbẹ kí ẹ tó jù ú nù.

Igi tí kì í wọ́wé, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, ṣì máa ń pàdánù omi látara ewé rẹ̀ nígbà òtútù. Bí òjò bá dá, ẹ bu omi sí i kí ilẹ̀ tó dì.

Kẹ́yìn, ẹ ya àwòrán ọgbà yín sórí ìwé nígbà tí ẹ ṣì rántí, kí ẹ kọ ohun tó wà lórí ebè kọ̀ọ̀kan lọ́dún yìí. Kábéèjì àti àwọn ìbátan rẹ̀, bíi kale àti Brussels sprouts, kò gbọ́dọ̀ padà sórí ebè kan náà kó tó pé ọdún mẹ́ta. Tòmátì àti pòtétò, ẹbí kan náà ni wọ́n, ẹ má fi ìkan rọ́pò ìkejì. Ẹ kọ ibi tí aáyù wà pẹ̀lú, torí títí ìgbà ìrúwé, abẹ́ ìbòrí ló máa wà, ẹnì kan sì lè lọ ro ó.